Agbe Ló Laró: Ṣé Ẹnì Kan Ló Ń Tún Àṣà Ṣe?

(Ọ̀rọ̀ àsọyé níwájú ìpàdé àwọn ọ̀dọ́ ìlú. Bí a ṣe sọ ọ́ náà la ṣe kọ ọ́ síbí.)

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ pe ìpàdé yìí, ẹ kú ètò, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú làálàá. Ẹ̀yin tí ẹ ti ọ̀nà jíjìn wá, ẹ kú ewu ọ̀nà. Gbogbo wa la máa délé ire o. (Àmín.)

Nígbà tí wọ́n fún mi ní àkòrí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Wọ́n ní kí n wá sọ bóyá bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ń dàgbà nínú ọgbọ́n, tí kálukú sì jẹ́ ojúlówó ara rẹ̀, ìyẹn ló máa mú àṣà wa tẹ̀síwájú. Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Aláró ni mí, ìdí aró ni mo ti mọ ohun tí mo mọ̀, nítorí náà inú ìkòkò aró ni mo ti máa bu ìdáhùn mi.

Gbólóhùn kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu ẹ̀yin ọ̀dọ́: "Mo kàn ń jẹ́ ara mi ni." Ẹ bá ọmọ wí, "Mo kàn ń jẹ́ ara mi ni." Ẹ bi í pé kí ló dé tó ṣe báyìí, ìdáhùn kan náà ni. Àwa àgbà náà ní tiwa: "A kì í ṣe é." Mo sì máa ń fẹ́ béèrè lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Ìwọ ọ̀dọ́, ara rẹ tí o ń jẹ́ yẹn, ta ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ ẹ? Àwa àgbà, ta ni "a" yẹn? Ìgbà wo sì ni "kì í" yẹn bẹ̀rẹ̀?

Àwọn baba wa ní agbe ló laró, kì í ráhùn aró. Àlùkò ló losùn, kì í ráhùn osùn. Lékeléke ló lẹfun, kì í ráhùn ẹfun. Ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀. Àmọ́ ìyẹ́ ara agbe ni aró tirẹ̀ wà. Aró tèmi, inú ìkòkò ni mo ti ń wá a, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló sì máa ń gbà kí ó tó múra.

Kẹ̀kẹ́ bàbá mi

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ọmọ Ẹ̀gbá ni ìyá àgbà tó bí ìyá mi. Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ló ti kọ́ aró kí ó tó kó wá sí Ìbàdàn, ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Ìbàdàn ni mo sì dàgbà sí. Fún àwọn tí kò bá rí adìrẹ ẹlẹ́kọ rí: láfún la máa ń rò di ẹ̀kọ, a ó fi álọ́ọ̀mù sí i kí ó lè di aṣọ mú. Ìyẹ́ adìyẹ la fi ń kọ̀wé. Wàá ti ìyẹ́ bọ ẹ̀kọ, wàá fi ya ilà sára aṣọ funfun. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní wọ ibẹ̀. A ó rì í, a ó sá a, a ó tún rì í, títí yóò fi dúdú bí a ṣe fẹ́. Ọjọ́ tí a bá wá ha ẹ̀kọ yẹn kúrò, ilà á yọ lára aṣọ bí ìràwọ̀.

Ọnà kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàn dùn. Ojú ilé, ojú ilé ni wọ́n ń pín in sí, nǹkan ọ̀tọ̀ ló sì wà nínú ojú ilé kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn ni òpó gbọ̀ngàn Màpó, tí wọ́n máa ń ya ṣíbí sí àárín rẹ̀. Ọnà yẹn ni mo ń kọ́ nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 12. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìyá àgbà lọ ọjà. Òpó Màpó sú mi. Ojú ilé tó kù ní àárín aṣọ, mo bá ya kẹ̀kẹ́ sí i. Kẹ̀kẹ́ bàbá mi ni, pẹ̀lú táyà méjèèjì àti agogo rẹ̀.

Ìyá àgbà dé, ó rí i. N kò sá, torí ẹsẹ̀ mi kò gbé mi. Ó tẹ̀ ba, ó na ìka kan, ó fi tẹ̀lé ilà táyà yẹn yípo láì jẹ́ kí ìka náà kan ẹ̀kọ. Ó ní, "Kẹ̀kẹ́ ta nìyí?" Mo ní ti bàbá mi ni. Ó ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n ilà rẹ ń gbọ̀n. Táyà tó rí báyìí, ṣé ó lè gbé bàbá rẹ dé ibi iṣẹ́?" N kò lè dáhùn. Ó wá ní, "Lọ ya Ìbàdàn dùn mẹ́wàá fún mi. Bí o bá ya ìkẹwàá tán tí kẹ̀kẹ́ ṣì wà lọ́kàn rẹ, kí o wá bá mi."

Mẹ́wàá! Nígbà tí mo dé orí ìkẹrin, inú ń bí mi débi pé mo fi omijé po ẹ̀kọ. Nígbà tí mo dé orí ìkeje, ọwọ́ mi ti ń lọ fúnra rẹ̀. Mo ya ìkẹwàá tán, kẹ̀kẹ́ ṣì wà lọ́kàn mi, àmọ́ kẹ̀kẹ́ ọ̀tọ̀ ni. Mo ti wá rí i pé òpó Màpó máa ń na ojú èèyàn sókè, ṣíbí máa ń fà á wálẹ̀, ojú ilé kan ń bá èkejì sọ̀rọ̀. Mo wá mọ ibi tí táyà yẹ kó wà kí aṣọ má baà dà bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gùn ju èkejì. Mo ya á. Ilà kò gbọ̀n.

Ìyá àgbà gbé e lọ sí Ọjà Ọba, wọ́n rà á. Obìnrin kan padà wá béèrè bóyá aṣọ oníkẹ̀kẹ́ ṣì wà. Kí ọdún tó parí, obìnrin mẹ́ta ní àdúgbò wa ló ti ń ya kẹ̀kẹ́. Mo fi igbe bọnu, mo ní wọ́n ti jí ọnà mi! Ìyá àgbà ní, "Wọn ò jí i. Wọ́n ṣà á ni."

Ohun tí a ṣà

Ọ̀rọ̀ yẹn kò yé mi lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlábíyìí Yáì, ọmọ Yorùbá ilẹ̀ Benin tó ti di olóògbé, ti ṣàlàyé pé inú "ṣà" ni "àṣà" ti jáde. Ohun tí a ṣà ni àṣà. Ẹ wo obìnrin tó ń ṣa ẹ̀wà. Ó ń mú èyí tó dára, ó ń ju òkúta sẹ́yìn. Bí ó bá kọ̀ tí kò ṣà á, eyín ọmọ rẹ̀ ló máa kán.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí pé ṣé ẹnì kan ló ń mú àṣà tẹ̀síwájú, ìdáhùn mi ni pé ẹnì kan ló ń gbé e síwájú ọjà; àwọn èèyàn ló ń ṣà á. Ìdí aró ni mo ti kọ́ ìyẹn. Àmọ́ kí ni ẹni yẹn máa gbé wá síwájú ọjà? Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ dúró sí.

Gbogbo yín lẹ mọ ìtàn Àjàlá alámọ̀, tó ń mọ orí. Ifá sọ fún wa pé àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń bọ̀ wá sí ilé ayé, wọ́n sì lọ yan orí: Orísèékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Méjì àkọ́kọ́ kò fẹ́ dúró. Wọ́n dé ilé Àjàlá, wọn kò bá a nílé, wọ́n rí orí tó ń dán, wọ́n gbé e. Wọn kò mọ̀ pé orí yẹn kò jiná. Òjò pa á lọ́nà, ó ń fọ́, ó ń já bọ́. Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ yà kí bàbá rẹ̀ ná, ó rúbọ, ó mú owó àti iyọ̀ dání. Ó bá onibodè tó ń fi eérú se ọbẹ̀, ó fún un ní iyọ̀, onibodè sì júwe ọ̀nà fún un. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Àjàlá, àjà ni Àjàlá sá sí nítorí olówó tó wá sin gbèsè. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà. Àjàlá fúnra rẹ̀ ló wá mú un wọlé, tó ń fi ọ̀pá irin kan orí kọ̀ọ̀kan wò, títí tí wọ́n fi rí èyí tó le.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ o. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yan orí fúnra wọn. Kò sí ẹni tó fipá mú wọn. Kí ló wá fa ìyàtọ̀? Afùwàpẹ́ béèrè ọ̀nà. Afùwàpẹ́ ní ohun tó fún ẹlòmíràn. Orí tirẹ̀ ló gbé jáde níbẹ̀, kì í ṣe orí bàbá rẹ̀, síbẹ̀ bàbá rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, onibodè wà níbẹ̀, ẹni tó mọ orí náà wà níbẹ̀. Nígbà tí ọmọ kan bá sọ fún mi pé òun ti rí ara òun, ohun tí mo máa ń fẹ́ mọ̀ ni pé: ṣé òjò ti pa á?

Obìnrin tó jókòó sílẹ̀

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Abẹ́òkúta. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n sí ìyá Fẹlá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Fẹlá sílẹ̀ fún wa díẹ̀.

Ọdún 1900 ni wọ́n bí i. Ní 1914 ó wọ Abẹ́òkúta Grammar School, nígbà tí ilé ìwé náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ọmọbìnrin. Ní 1919 ó lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Frances Abigail ni orúkọ òyìnbó tí wọ́n sọ ọ́. Nígbà tó máa fi padà dé ní 1922, ó ti pa orúkọ yẹn tì, Fúnmiláyọ̀ ló ń jẹ́.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ nínú ara wọn báyìí: "Ẹ ò rí i? Ó jẹ́ ara rẹ̀, àṣà sì yí padà." Ẹ dúró ná. Kí ni orúkọ yẹn yí padà ní Abẹ́òkúta ní 1922? Kò yí owó orí padà. Láti 1918 ni wọ́n ti ń gba owó orí lọ́wọ́ àwọn obìnrin Ẹ̀gbá lọ́tọ̀, wọ́n sì ń gbà á lọ. Fúnmiláyọ̀ ń ṣe tíṣà, ó lọ́kọ, ó bímọ. Ó kó àwọn obìnrin tó mọ̀wé jọ, wọ́n ń ṣe ẹgbẹ́, wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ọ̀nà ìgbàlejò. Nǹkan tó dára ni. Ṣùgbọ́n obìnrin ọjà kò sí níbẹ̀.

Ní 1944, obìnrin ọlọ́jà kan wá, ó ní òun fẹ́ mọ ìwé kà. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn o! Òun náà ló fẹ́ dàgbà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé bí èèyàn bá ń kọ́ni ní A, B, D, ọ̀rọ̀ mìíràn á máa jáde lẹ́nu àwọn tó ń kọ́. Wọ́n sọ bí àwọn aṣojú ìjọba ṣe ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn lọ́jà. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ owó orí. Ẹni tó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá rí i pé òun kò tíì mọ Abẹ́òkúta. Olùkọ́ di akẹ́kọ̀ọ́.

Ní 1946, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ti di ẹgbẹ́ gbogbo obìnrin Abẹ́òkúta. Fúnmiláyọ̀ bọ́ kaba òyìnbó sílẹ̀, ìró àti bùbá ló kù lára rẹ̀, ó sì rọ àwọn obìnrin tó mọ̀wé láti ṣe bẹ́ẹ̀, kí ojú má baà mọ èyí tó kàwé yàtọ̀ sí èyí tó ń ta ata. Bí ó bá dé iwájú àwọn aláṣẹ òyìnbó, Yorùbá ló ń sọ. Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa! Kí wọ́n lọ wá ògbufọ̀.

Ní ìparí 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin lọ jókòó síwájú ààfin Aláké, ọba Ẹ̀gbá, ilẹ̀ ṣú bá wọn níbẹ̀, ilẹ̀ mọ́ bá wọn níbẹ̀. Ìyá àgbà mi kò tíì kúrò ní Ìtòkú nígbà náà. Ó wà lára wọn. Títí tó fi kú, orin tí wọ́n kọ kọ́ ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún wa, ẹ̀rù ọlọ́pàá kọ́ sì ni. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Obìnrin tó lọ Ìlú Òyìnbó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, eruku bo ìró tèmi, eruku bo ìró tiẹ̀." Á fi ọwọ́ gbọn ìró rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, bí ẹni pé eruku yẹn ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n dá owó orí obìnrin dúró. Ní oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi orí ìtẹ́ sílẹ̀. Ìparí 1950 ló tó padà.

Mo tún un bi yín: kí ló ṣe iṣẹ́ yẹn? Ṣé orúkọ tó yí padà ní 1922 ni, àbí etí tó là ní 1944? Lójú tèmi, orúkọ ni irúgbìn, etí ni omi. Bí ó bá jẹ́ pé ó dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ní òun ti di ara òun, ó tán, a ò ní máa dárúkọ rẹ̀ níbí lónìí.

Ẹ̀yin àgbà, ọ̀rọ̀ kàn yín

Mi ò ní fi ọ̀dọ́ nìkan ṣe é. Àwa àgbà fẹ́ràn láti máa sọ pé ká ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kó lè rí bó ṣe ń rí. Òwe gidi ni. Àmọ́ ní 1936, nígbà tí ọjà adìrẹ ń kú lọ, wọ́n ní sódà àti aró òyìnbó ló fà á, Aláké sì ka méjèèjì léèwọ̀ ní Abẹ́òkúta. Omi eérú làwọn ìyá wa fi ń pa aró tẹ́lẹ̀. Sódà mú iṣẹ́ yá. Àwọn aláró kò gba òfin yẹn. Èmi fúnra mi ti rí aṣọ tí sódà jẹ, ó máa ń fà ya bíi bébà, nítorí náà mi ò ní sọ pé ẹ̀rù tó ń ba àwọn tó ṣòfin kò nídìí. Ìyá àgbà ní ọ̀rọ̀ kan lórí ẹ̀: "Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò dúdú kò lè sọ iye sódà tó tó." Ó máa ń fi omi eérú pa aró fún aṣọ ìyàwó, ó sì máa ń fi sódà díẹ̀ sí ti ọjà. Ó ṣà á. Ṣé ọmọ yín tó ń wá nǹkan ọ̀tọ̀ ṣe, ẹ ti wo ọwọ́ rẹ̀ kí ẹ tó pè é ní aláìgbọràn?

Ẹ ronú sí wéré, orin tí wọ́n fi ń jí àwọn mùsùlùmí láti jẹ sààrì nínú oṣù Ààwẹ̀. Sikiru Àyìndé Barrister, tí wọ́n bí ní 1948, láti kékeré ló ti ń kọ ọ́. Ó wọṣẹ́ ológun, ó rí ogun abẹ́lé, ó padà wá, ó sì sọ orin òru Ààwẹ̀ di orin òde àríyá. Orúkọ òkè Fújì ti ilẹ̀ Japan, tó rí lára àwòrán kan ní pápákọ̀ òfurufú, ló fi pè é. Àwọn àgbà kan á ti bínú. Àmọ́ òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ pé sákárà wà nínú ẹ̀, àpàlà wà nínú ẹ̀, jùjú wà nínú ẹ̀. Ó mọ ilé tí ó ti jáde kí ó tó kọ́ tirẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí

Ẹ lọ sí ọjà Ìtòkú lónìí. Ẹ máa rí aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní ilẹ̀ China, tí wọ́n fi ọnà adìrẹ sí lára. Owó rẹ̀ kéré. Ẹ yí i padà, inú rẹ̀ funfun. Aró kò wọ inú, torí kò sí aró. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń rí ọ̀pọ̀ ohun tí à ń pè ní jíjẹ́ ara ẹni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ Ìbàdàn, ọmọ Èkó, ọmọ Kòtònú, gbogbo wọn ń jẹ́ ara wọn, gbogbo wọn sì ń wọ aṣọ kan náà, wọ́n ń sọ gbólóhùn kan náà, lọ́jọ́ kan náà. Ta ló ṣa ìyẹn fún wọn? Ó ń dùn mí, torí mo mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ wà lọ́kàn àwọn ọmọ wọ̀nyí. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n ya mẹ́wàá ná ni.

Àwọn kan ṣì ń sọ ọ́ fún wọn. Nike Davies-Okundaye, ọmọ Ògìdì ní ìpínlẹ̀ Kogí, ọwọ́ ìyá àgbà rẹ̀ ló ti mọ adìrẹ. Láti 1983 tó ti dá ibùdó rẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo ló ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ẹ̀yìnkùlé tèmi náà, ọmọ márùn-ún ló wà báyìí. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọkùnrin, fẹ́ ya fóònù sáàárín Ìbàdàn dùn. Ìkẹfà ló wà. Ó ń bínú sí mi gan-an ni.

Mo mú nǹkan kan wá. Ẹ bá mi gbé àpò yẹn. Ẹ ṣé. Aṣọ àkọ́kọ́ yẹn nìyí, èyí tí mo ya lọ́sàn-án ọjọ́ tí Ìyá àgbà lọ ọjà. Kò jù ú nù. Ó rì í bọ aró bó ṣe wà, ó fi ṣe ìró ilé, ó fi pọn àbúrò mi méjì. Ó ti gbó, ẹ rọra dì í mú. Ẹ wo ibi àárín yìí, lábẹ́ òpó Màpó. Táyà tẹ̀yìn nìyẹn. Ẹ fi ìka tẹ̀lé e, ẹ ó rí ibi tó ti gbọ̀n. Ẹ máa gbé e kiri, láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè yín. Kí àwọn ọmọ kékeré kọ́kọ́ béèrè.